Mílíìkì Tó Wà Lára Òbúkọ

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí àgbàlagbà tó jókòó sí ìdí ewúrẹ́, tó ń fún mílíìkì rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rín ló pa mí. Mo yíjú sẹ́yìn kí Baba má baà rí mi, àmọ́ wọ́n rí mi. Wọ́n ní, "Rín in tán, kó o wá lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì wá." Mo rín in tán lóòótọ́, mo sì lọ gbé e.

Ní ìlú wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsẹ́yìn, kò sí ẹni tí kò mọ ewúrẹ́. Àárín wọn la dàgbà sí. Wọ́n á jẹ èèpo iṣu wa, wọ́n á sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, àwa la ó sì gbá ẹ̀gbin wọn láàárọ̀ ká tó lọ sí iléèwé. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹnì kan rí tó mu mílíìkì ewúrẹ́. Mílíìkì, ti màlúù àwọn Fúlàní ni, tàbí èyí tó wà nínú agolo. Ewúrẹ́ wà kó máa bímọ ni. Bí ìyá mi bá fẹ́ mọ ewúrẹ́ tó dára, wọ́n á bèèrè bóyá ó ń bí ìbejì, bóyá ara rẹ̀ ń dán, bóyá ó máa ń wálé bílẹ̀ bá ti ń ṣú. Ti òbúkọ kò tiẹ̀ lọ́rọ̀ nínú. Kó ṣáà ga, kí àyà rẹ̀ gbòòrò, kí irùngbọ̀n rẹ̀ kún. Ojú la fi ń yan ẹran. Ojú yẹn náà ni mo gbé wá sí Manchester nígbà tí mo tẹ̀lé ìyàwó mi wá, torí òun ló níwèé, òun ni ọsibítù gbà síṣẹ́. Èmi ò kàwé lọ títí.

Ní mọ́ṣáláṣí ni mo ti pàdé Baba. A ti kírun Jímọ́ọ̀ tán, a ń wá bàtà wa, ni wọ́n bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń bèèrè pé ta ló mọ ẹran sìn nínú àwa ọ̀dọ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ Èkó kan ní ẹran tí òun mọ̀ kò ju èyí tó wà nínú ọbẹ̀ lọ. Nígbà tí Baba kò kúrò níbẹ̀, mo nawọ́ sókè. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní kí n fi ọwọ́ mi hàn. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Ó gbòòrò. Ó dáa."

Ọmọ Ìlọrin ni Baba. Ilé ìdáná ọsibítù ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ilé wọn ní Crumpsall kò sì jìnnà sí ibẹ̀. Ìyàwó wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ló fà á tí wọ́n fi ń sin ewúrẹ́. Mílíìkì màlúù ò bá Ìyá lára mu mọ́. Bí wọ́n bá fẹnu kàn án, ikùn wọn á wú, wọn ò ní lè sùn. Bẹ́ẹ̀ wàrà ni oúnjẹ wọn láti kékeré, wàrà tí wọ́n ń fún, tí wọ́n ń dín, tí wọ́n ń fi ata sí. Baba ní obìnrin Ìlọrin tí kò lè jẹ wàrà, bí ẹni tí wọ́n gba ahọ́n rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n háyà ilẹ̀ kékeré kan lórí òkè, lápá àríwá ìlú, níbi tí ilé ti ń tán tí koríko ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ra abo ewúrẹ́ méjì. Àwọn méjì yẹn ló di agbo tí mo bá níbẹ̀.

Ìyá kò rí ewé bọmubọmu níbí láti fi mú mílíìkì dì, omi lẹ́mọ́ọ̀nù ni wọ́n ń lò. Wọ́n ní kò rí bákan náà, àmọ́ ó súnmọ́ ọn. Bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, wọ́n á dín wàrà sínú abọ́ ńlá, Baba á gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí fún ìṣínu, kí a sì tó mu omi tán, abọ́ ti ṣófo.

Iṣẹ́ ìkó-ẹrù lóru ni mo ń ṣe ní Swinton nígbà náà. Ọjọ́ tí n kò bá lọ síbi iṣẹ́, mo wà lórí òkè. Mo ń gbá ilé ẹran, mo ń gbé koríko gbígbẹ, mo ń gé pátákò wọn. Ìyẹn ni mo mọ̀ ṣe. Ohun tí n kò mọ̀ ni ohun tí Baba ń wò lára ewúrẹ́. Ojú rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn, wọ́n á máa wo àárín itan rẹ̀ bí ẹni tó ń wo abẹ́ mọ́tò. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, "Ìwọ ń wo bọ́dì mọ́tò. Èmi ń wo ẹ́ńjìnnì."

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kọ́ mi. Ọmú tó dára kì í rọ̀ lulẹ̀ bí àpò tó já. Ó máa ń so mọ́ra lókè, láti ẹ̀yìn lọ sí iwájú. Bí a bá fún un tán, ó yẹ kó rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ìbọ̀wọ́ tí kò sọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bó bá ṣì le, ẹran lásán ló kún inú rẹ̀, kì í ṣe mílíìkì. Orí ọmú gbọ́dọ̀ gba ọwọ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kí a wo bí yóò ṣe pẹ́ tó. Àwọn kan á fún ọ ní mílíìkì rẹpẹtẹ nígbà tí koríko bá tutù, bí òtútù bá dé báyìí wọ́n á gbẹ bí odò ẹ̀ẹ̀rùn. Baba kò fẹ́ irú wọn. Wọ́n máa ń ní, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Báwo ni ti ìyá rẹ̀ ṣe rí?" Gbogbo ewúrẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n mọ ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹbí.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ju gbogbo wọn lọ. Funfun ni, etí rẹ̀ òsì ti ya, eegun ìbàdí rẹ̀ yọ síta; ká ní ìlú wa ni, wọn ì bá ti pa á tipẹ́. Òun ló dàgbà jù, òun nìkan ni kì í gbẹ nígbà òtútù. Wàrà tí Ìyá ń jẹ láti ìgbà tí yìnyín bá ti ń bọ́ títí koríko fi máa hù, tirẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tí Baba kọ́kọ́ rà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ yìí kò ní ọmọbìnrin. Èyí kan ṣoṣo tó bí ṣàìsàn, ó kú kó tó dàgbà. Gbogbo ìyókù, akọ ni, àwọn èèyàn ti jẹ wọ́n. Baba rò pé àyè ṣì wà.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àyè ò sí mọ́. Ewúrẹ́ náà ti darúgbó, Baba sì ti pinnu pé bó bá bí oyún tó wà nínú rẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kí akọ gùn ún mọ́, kó má baà kú. Ohun yòówù tó bá bí lọ́tẹ̀ yìí ni yóò gbé ọmú rẹ̀ lọ síwájú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó tán nìyẹn. Mo sọ ọ́ síbí kó lè yé yín. Èmi ò ronú dé ibẹ̀ nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ń ṣe.

Àárín òtútù yẹn ni ìyàwó mi bí ọmọbìnrin wa. Yàrá wa ní Whalley Range la ti sọ ọ́ lórúkọ, pẹ̀lú oyin àti dàbínù àti adìẹ díndín. A kò lè ṣe àkíkà, ìyẹn ẹran tí àwa Mùsùlùmí máa ń pa nítorí ọmọ tuntun, torí ẹran kò sí. Bàbá ìyàwó mi pè wá láti ilé, wọ́n kí wa, wọ́n ṣàdúrà dáadáa, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ ni wọ́n wá ní, "Àna mi, ṣé adìẹ ni wọ́n fi ń ṣe àkíkà ní ìlú òyìnbó ni?" Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ẹran ọmọ náà kò ní jẹ́ èyí tí a rà lọ́jà, ọwọ́ ara mi ló máa ti jáde. Ọ̀rọ̀ ni mo kàn ń sọ, àmọ́ mo ti sọ ọ́.

Ìyàwó mi sọ fún Ìyá, Ìyá sọ fún Baba. Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun nílé wọn, Baba ní, "Èmi pẹ̀lú ẹ, ṣebí àgbàsìn ni." Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ìyá mi gba ewúrẹ́ sìn fún obìnrin kan ládùúgbò wa rí. Ewúrẹ́ kì í ṣe tiwa, ọwọ́ wa ló wà, bó bá bímọ, a ó pín in. Ohun tó ń jẹ́ àgbàsìn nìyẹn, ẹni tó gbà á sìn kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ní ìpín. Baba ní, "Bí wọ́n bá bímọ, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ yan. Èyí tó bá wù ẹ́. Fi ṣe àkíkà ọmọ rẹ." Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Ìyá ní kí n dìde, kí ọbẹ̀ má tutù.

Ewúrẹ́ àgbà yẹn ló bí kẹ́yìn. Ó pẹ́ lórí ìrọbí. Èyí tó kọ́kọ́ jáde kò mí. Baba nu imú rẹ̀, wọ́n fi koríko ra á lára, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn mú wọ́n jù ú síhìn-ín jù ú sọ́hùn-ún bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, pàbó ni. Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n ní, "Abo ni." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n tún ní, "Abo ni o." Mo rò pé wọ́n kàn ń ṣàánú rẹ̀ ni. Èkejì wá jáde, akọ, ó tóbi, ó lágbára, kò pẹ́ tó fi ń ta gìrìgìrì wá ọmú kiri.

Òun ni mo yàn. Mo ti wo gbogbo àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀, kò sí èyí tó dúró bíi rẹ̀. Mo tọ́ka sí i, mo ní, "Baba, èyí ni."

Baba wò ó, wọ́n wò mí. "Òun lo yàn?"

"Òun ni, sà."

"Kò sí nínú àwọn tó kù yẹn?"

"Ẹ wo bó ṣe dúró, Baba. Bó bá fi máa pé ọdún, àgbò á máa sá fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Mílíìkì wà lára òbúkọ o."

Mo ní, "Ṣé kí n wá lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, sà?" Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó dáa, kí Ọlọ́run jẹ́ ká rí ọjọ́ rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí ọkọ̀ wọn. Mo rí i pé wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wẹ̀yìn. Mo juwọ́ sí wọn.

Nílé wa, akọ tí a bá fẹ́ jẹ, a kì í fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kó lè sanra, kí ẹran rẹ̀ má baà rùn. Ọkùnrin kan ló ń ṣe é ládùúgbò wa, ọ̀bẹ ló ń lò. Níbí, rọ́bà kékeré ni. Wọ́n á fi irin kan fẹ̀ ẹ́, wọ́n á kì í bọ ìdí kórópọ̀n rẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀. Ó máa gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹran náà kò sì gbọ́dọ̀ ju ọmọ ọ̀sẹ̀ kan lọ, òfin ibí nìyẹn. Baba ti kọ́ mi lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, orúnkún Baba kò jẹ́ kí wọ́n wá, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo fún mílíìkì àwọn ìyá, mo fún gbogbo wọn lóúnjẹ, mo mú irin náà lórí pákó tó máa ń wà, mo gbé ọmọ òbúkọ mi lé orúnkún, mo fi rọ́bà sí i. Kò pariwo púpọ̀. Mo ṣe é dáadáa, mo fọwọ́ kàn án wò pé méjèèjì wà nínú rẹ̀. Orí mi wú. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá ìyàwó mi.

Ọjọ́ Ajé ni Ìyá pè mí pé kí n bá àwọn jẹun kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n gbé ìrẹsì àti wàrà díndín síwájú mi. Baba béèrè ìyàwó mi, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n tún béèrè ọmọ. Ìyá wò wọ́n, wọ́n gbé abọ́ omi kúrò, wọ́n tún jókòó. Baba wúkọ́.

"Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan," Baba ní. "Bó o bá ní rárá, kò sí ìjà."

Àgbà kì í bẹ irú èmi. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo lóṣòó sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀.

"Òbúkọ tó o yàn yẹn. Mú méjì nínú àwọn tó kù dípò rẹ̀. Bí abo lo bá fẹ́, mú abo. Kó o dá ìyẹn padà fún mi."

"Ṣé ara rẹ̀ ò dá ni, Baba?"

"Ara rẹ̀ dá. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni." Wọ́n wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, wọ́n rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi ọ̀nà han àlejò. Wọ́n ní ẹni bíni là á jọ, àmọ́ ìyá nìkan kọ́ ló ń bímọ. Òbúkọ kò ní mílíìkì tirẹ̀, ti ìyá rẹ̀ ló gbé sára, bó bá sì gun abo, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò gbé e fún. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò rí i gbà, àwọn kan á rí i. Abo lè bí ọmọ kan tàbí méjì lọ́dún, akọ kan lè tún gbogbo agbo ṣe. Wọ́n ní àwọn ti jẹ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán, àwọn sì ti ń kábàámọ̀ rẹ̀. Èyí nìkan ló kù.

Mò ń wo wàrà inú abọ́ mi.

Ìyá ní, "Dá Baba lóhùn. Àbí o ti ṣèlérí rẹ̀ fún ẹlòmíràn ni?"

"Rárá, mà. Mo ti fi rọ́bà sí i."

Baba ní, "Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ Ẹtì, sà."

Ìyá ní kí wọ́n yáa já a, ṣé kò sí sísọ́ọ̀sì ni? Baba mi orí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́, ó ti kú.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Baba ní kí n dìde. N kò dìde. Ibi tí mo wà yẹn ni mo ti gbọ́ tí Ìyá kọjú sí wọn. Wọ́n ní, "Ẹnu tí ẹ fi ń ka ìyá ewúrẹ́ àti ìyá ìyá rẹ̀ fún mi lójoojúmọ́, òun ni ẹ kò lè fi sọ fún ọmọ yìí pé èyí kọ́?"

"Mo ti ní kó yan èyí tó bá wù ú," Baba ní. "Ṣé kí n wá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí mo ti fún?"

"Kí wá lẹ̀ ń ṣe báyìí?"

Baba yíjú sí mi. Wọ́n ní wàrà ti ń tutù.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ ibi tí mo ti sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò sí ẹni tó bú mi. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baba lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà tí wọ́n ń bèèrè ìyá ewúrẹ́ kí wọ́n tó bèèrè ewúrẹ́ fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ní "Abo ni" lẹ́ẹ̀mejì lórí òkú ọmọ ewúrẹ́ yẹn. Etí mi gbọ́ ọ, àmọ́ ojú Ìsẹ́yìn ni mo fi yan ẹran. N kò béèrè ìbéèrè kan péré kí n tó mú rọ́bà.

Ó ń ṣe mí bíi kí n má lọ sórí òkè mọ́. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ojú ń tì mí. Ó ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bó ò bá lọ, ta ló máa fún ewúrẹ́ yẹn?" Mo lọ. Òbúkọ náà wà níbẹ̀, ó ń fò lórí pákó bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Mo ní kí Baba gbà á padà, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àkíkà ọmọ ni a ti pè é, àkíkà ọmọ náà ni yóò jẹ́, kí n má fi ti àwọn yí ọ̀rọ̀ ọmọ padà. Wọn ò tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ohun tí wọ́n sọ ni pé ewúrẹ́ tó bá dára gan-an, bí a kò bá jẹ́ kó gbẹ, ó lè máa fún wa ní mílíìkì wọ inú ọdún kejì láìtún bímọ. Kí a ṣáà máa fún un láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, láìpa ọjọ́ kan jẹ. Mo gbà á ṣe. Bí mo bá ti parí iṣẹ́ òru ní Swinton, n kì í lọ sílé kí n tó gun òkè. Ìrọ̀lẹ́ ni Baba ń ṣe bí orúnkún bá gbà fún wọn. Mo gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ ewúrẹ́ àgbà yẹn láàárọ̀ títí mo fi ń gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń dún, ọwọ́ mi wá mọ ọmú rẹ̀ bí mo ṣe mọ kọ́kọ́rọ́ ilé mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ohun tí mo bà jẹ́. Kí n tó mọ̀ ọ́n dáadáa bẹ́ẹ̀, ó ti tán.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, àwọn ewúrẹ́ tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ. Baba ní kí a lọ wá òbúkọ tí a máa rà. Wọ́n gbọ́ nípa ọkùnrin kan tó ní ewúrẹ́ lẹ́yìn àwọn òkè, a wa ọkọ̀ lọ. Orúnkún wọn ò jẹ́ kí wọ́n rìn dé ibi tí àwọn ẹran wà, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n dúró sí. Wọ́n ní, "Lọ wò ó wá." Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi fóònù ya á fún wọn. Wọ́n ní, "Ojú ẹ ni mo rán."

Ọkùnrin náà mú òbúkọ kan jáde tó jẹ́ pé, ká ní ìlú wa ni, òkìkí rẹ̀ á kàn dé ààfin. Àyà, gíga, irùngbọ̀n, gbogbo rẹ̀ pé. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Mo dúró kó sinmi, mo wá bèèrè pé ìyá òbúkọ náà dà. Ó ní ó ti kú. Mo ní kó jẹ́ kí n rí àwọn arábìnrin rẹ̀. Ó fi méjì hàn mí, ọmú wọn rọ̀ sílẹ̀ bí àpò àlùbọ́sà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a bí wọ́n ti ń rìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dà bíi pé inú bí i díẹ̀. Mo padà lọ bá Baba, mo sọ ohun tí mo rí. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún mi.

Ọ̀dọ̀ obìnrin kan la tún lọ. Òbúkọ tirẹ̀ kéré, irun rẹ̀ ti dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. N kò pẹ́ lọ́dọ̀ òbúkọ náà. Mo ní kó fi ìyá rẹ̀ hàn mí. Ó mú ewúrẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ kan wá, mo lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Ọmú náà so mọ́ra. Mo bèèrè bóyá kì í gbẹ nígbà òtútù, obìnrin náà ní ó máa ń dín kù àmọ́ kì í gbẹ. Mo tọrọ àyè kí n fún un. Ó wò mí, ó lọ mú bọ́kẹ́ẹ̀tì wá. Mo jókòó, mo gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fún un títí ọmú náà fi rọ̀ wọ̀ọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo tún ní kí n rí ọmọbìnrin ewúrẹ́ náà. Ó wà níbẹ̀, kò tíì bímọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo fún òun náà.

Baba ti rọra rìn wá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fara ti òpó. Wọ́n ní, "Báwo?"

Mo fẹ́ sọ ohun tó máa dùn mọ́ wọn nínú. N kò sọ ọ́. Mo ní, "Kò tó ti wa, sà."

"Kò lè tó o. Ṣé ó súnmọ́ ọn?"

Mo nu ọwọ́ mi. "Ti ìyá súnmọ́ ọn. Ti ọmọ ò tíì tó ti ìyá, àmọ́ ọmú wọn jọra."

Baba wo òbúkọ kékeré náà, wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yà, wọ́n wò mí. Wọ́n ní kí n bá obìnrin náà sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo jókòó sí pẹ̀lú òbúkọ tí a rà bí a ti ń bọ̀, torí kò dúró jẹ́ẹ́. Òórùn rẹ̀ gba inú ọkọ̀ kan. Baba ṣí fèrèsé pẹ̀lú gbogbo òtútù yẹn, wọ́n ní bí Ìyá bá gbọ́ òórùn yìí lára aṣọ wa, ìta la máa sùn. Ibikíbi tí ọ̀nà bá ti yí, òbúkọ náà á fẹ́ ṣubú. Mo fi apá mi méjèèjì gbá a mọ́ra, n kò fi í sílẹ̀ títí a fi gun òkè.